Ṣáàtì Ògiri Àwọn Fáráò Tí Wọ́n Ń Tà N'Ílé-Ifẹ̀: Ó Tó Rà, Ṣùgbọ́n Ẹ Mú Bírò Dání

Ẹni tó bá ń kọ́ ọmọ ní ìtàn n'Ílé-Ifẹ̀ á ti rí ṣáàtì tuntun kan lórí àtẹ àwọn ìsọ̀ ìwé ní Lágere àti lẹ́bàá géètì Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀. Àwọn Fáráò Íjíbítì ló dá lé, ní ìgbà tí agbára ilẹ̀ náà ga jù lọ, láti orí Ahmose títí dé orí Ramesses Kọkànlá, ìyẹn nǹkan bí ọdún 1550 sí 1070 kí wọ́n tó bí Jésù. Gbogbo ọdún tí a bá kọ síbí yìí láìfi ọ̀rọ̀ mìíràn kún un, kí wọ́n tó bí Jésù ni. Ẹgbẹ̀rún méje náírà ni wọ́n ń ta odindi rẹ̀: ṣáàtì kan, káàdì 24, àti ìwé pélébé olójú ewé 16, gbogbo rẹ̀ nínú ọ̀rá kan. Yorùbá ni wọ́n fi kọ ọ́, lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì kéékèèké sì wà lábẹ́ rẹ̀.

A gbà pé ó tó rà. Ohun tó mú un tó rà ni òpó kẹta orí ṣáàtì náà, èyí tí wọ́n pè ní "Ibi Tí Ọrọ̀ Ti Wá". Ọ̀pọ̀ ṣáàtì irú rẹ̀ tó wà lọ́jà kì í ju orúkọ àti àwòrán lọ: ọba yìí jẹ, ó wàjà, òmíràn tún jẹ. Èyí béèrè ohun tó yẹ kí a bi ìjọba èyíkéyìí: kí ló ń ná, ta ló sì ń bá a wá a? Àṣìṣe tún wà níbẹ̀ o, àwọn kan sì burú débi pé kò yẹ kí ọmọ ilé-ìwé kankan rí i kí tísà tó tún un ṣe.

Ká kọ́kọ́ sọ ti ṣáàtì fúnra rẹ̀. Ó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 60, ó ga tó 90, wọ́n sì láminéètì rẹ̀ lójú méjèèjì. Àwọ̀ rẹ̀ mọ́. Orúkọ àwọn ọba tóbi débi pé ọmọ tó jókòó lẹ́yìn kíláàsì lè kà á, ṣùgbọ́n lẹ́tà òpó kẹta kéré, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ni ọjà. Bí ẹ bá gbé e kọ́ síbi tó dojú kọ fèrèsé, ìmọ́lẹ̀ á máa kọ mànà lára rẹ̀, àwọn ìlà ìsàlẹ̀ kò sì ní ṣeé kà lọ́sàn-án. Ògiri tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé ló bá a mu, kí ìsàlẹ̀ ṣáàtì wà ní ìwọ̀n àyà ọmọ tó dúró. Ẹ má fi ìṣó lù ú. Ibi tí ìṣó bá dá lu ni ọ̀rinrin á gbà wọlé nígbà òjò, pépà inú á wú, láminéètì á sì máa là láti ibẹ̀ lọ. Igi pẹlẹbẹ méjì méjì ni kí ẹ fi há a lókè àti nísàlẹ̀, kí ẹ so okùn mọ́ tòkè, okùn yẹn ni kí ẹ fi kọ́ ìṣó ara ògiri.

Ó wá ku òpó kẹta. Wọ́n tọ ipasẹ̀ wúrà láti ọba dé ọba, wọ́n sì ṣe é dáadáa. Lábẹ́ Ahmose, ẹni tó lé àwọn Hyksos, àjèjì tó ń jọba ní àríwá Íjíbítì, kúrò ní Avaris níbi tí odò Náílì ti ń ya sí òkun, wọ́n kọ ọ́ pé Íjíbítì tún gba odi Buhen padà ní Núbíà, ilẹ̀ tó wà ní gúúsù Íjíbítì. Lábẹ́ Thutmose Kìíní, máàpù kékeré kan fi hàn pé ó kọjá ibi kẹrin tí àpáta ti dínà odò Náílì, ó sì fín àkọlé sára òkúta ní Kurgus. Wọ́n ṣàlàyé ipò "Ọmọ Ọba ti Kúṣì", ìjòyè tó ń bá Fáráò ṣàkóso Núbíà. Òye yìí ni wọ́n ń pè é bí kò tilẹ̀ jẹ́ ọmọ bíbí ọba, olórí iṣẹ́ rẹ̀ sì ni pé kí wúrà máa dé. Nígbà tó fi máa di ayé Thutmose Kẹta, wúrà tó ń ti Wawat nìkan wá, ìyẹn apá àríwá Núbíà, ti tó nǹkan bí kìlógíráàmù 250 lọ́dún, gẹ́gẹ́ bí àkọsílẹ̀ tí wọ́n fín sára ògiri tẹ́ḿpìlì Karnak. Deben ni wọ́n fi wọ̀n ọ́ níbẹ̀, deben kan sì jẹ́ nǹkan bí gíráàmù 91. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ ṣe ìṣirò náà fúnra wọn: deben 2,844 tó wọlé ní ọdún kejìdínlógójì ọba náà, ẹ sọ ọ́ di kílò. Ó yẹ kí ó fún wọn ní bíi 259.

Ohun tí wọ́n fò ni bí wúrà náà ṣe ń jáde. Inú òkúta funfun líle ló há sí. Wọ́n ní láti fọ́ òkúta yẹn, kí wọ́n lọ̀ ọ́ kúnná lórí ọlọ, kí wọ́n wá da omi lé e lórí pátákó tó dagun kí ìyẹ̀pẹ̀ lè bá omi lọ, kí wúrà tó wúwo sì ṣẹ́kù. Omi ni gbogbo iṣẹ́ yìí dúró lé, nínú aṣálẹ̀ tí kò lómi. Ìdí nìyẹn tí Seti Kìíní fi gbẹ́ kànga sí Kanais lójú ọ̀nà ibi ìwakùsà, tó sì kọ́ tẹ́ḿpìlì sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ní ilẹ̀ Akuyati, ó ní kí wọ́n gbẹ́ òmíràn, wọ́n gbẹ́ ẹ dé 120 ìgbọ̀nwọ́, tó ju mítà 60 lọ, wọn ò kan omi. Òkúta àkọlé kan tí wọ́n rí ní Kubban sọ ohun tó tẹ̀ lé e: bí àwọn awakùsà bá gba ọ̀nà yẹn, ìdajì wọn ló ń débẹ̀, òùngbẹ ń gbẹ̀mí àwọn yòókù lójú ọ̀nà, àtàwọn àti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ wọn. Ní ọdún kẹta Ramesses Kejì, wọ́n tún gbẹ́ kànga síbẹ̀, omi sì yọ ní 12 ìgbọ̀nwọ́ péré. Ọ̀rọ̀ méjì ni ṣáàtì kọ sábẹ́ Ramesses Kejì: "wúrà Núbíà". Ẹ fi bírò kọ "kànga Akuyati" sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, nítorí láìsí omi, wúrà yẹn ì bá wà nínú òkúta rẹ̀ títí dòní.

Abẹ́ Amenhotep Kẹta ni òpó yìí ti mókè jù. Dípò tí wọn ì bá fi yàwòrán ààfin lásán, àwọn lẹ́tà tí àwọn ọba mìíràn kọ sí Íjíbítì ni wọ́n fi kún ibẹ̀. Wàláà amọ̀ tó lé ní 350 ni wọ́n rí ní Amarna láti ọdún 1887 lẹ́yìn ìbí Jésù, èdè Akkad tí àwọn ará Bábílónì ń kọ ni wọ́n fi kọ ọ̀pọ̀ wọn. Tushratta ọba Mitanni kọ̀wé sí Amenhotep Kẹta pé wúrà pọ̀ bí erùpẹ̀ nílẹ̀ rẹ̀, nítorí náà kó fi púpọ̀ ránṣẹ́. Ọba Bábílónì, nígbà tó kọ̀wé sí Akhenaten ọmọ Amenhotep, ṣàròyé pé wúrà mínà 20 (ìwọ̀n ni mínà) tí wọ́n fi ránṣẹ́ sóun, nígbà tí àwọn kó o sínú iná ìléru, kò tó mínà 5 tó jáde. Tísà tó bá ka lẹ́tà méjèèjì yìí fún kíláàsì kò nílò àlàyé gígùn mọ́. Wọ́n á rí i pé wúrà ni Íjíbítì fi ń ra ọ̀rẹ́, tó sì fi ń dín ogun kù, àti pé ẹni tí wọ́n ń fún náà ń wọ̀n ọ́ dáadáa.

Hatshepsut gba ààyè tó tọ́ sí i. Wọ́n yàwòrán ọkọ̀ ojú omi márùn-ún tó rán lọ sí Punt, ilẹ̀ kan ní ìhà Òkun Pupa, bó ṣe wà lára ògiri Deir el-Bahari, pẹ̀lú igi òjíá tí wọ́n hú tigbòǹgbò-tigbòǹgbò sínú agbọ̀n, eyín erin, wúrà àti ọ̀bọ. Òpó òkúta rẹ̀ tó ṣì dúró ní Karnak wà níbẹ̀ pẹ̀lú: òkúta akọ kan ṣoṣo, gíga rẹ̀ tó mítà 29, àkọlé ìdí rẹ̀ sì sọ pé oṣù méje ni wọ́n fi gbẹ́ ẹ. Kí ọmọ Ifẹ̀ tó ti dúró nídìí Ọ̀pá Ọ̀rànmíyàn wo òkè, kó ro ó ní ìlọ́po márùn-ún. Ibi tí ìwé pélébé ti kùnà ni ohun tó ṣẹlẹ̀ sí orúkọ rẹ̀. Ó ní ojú ẹsẹ̀ tí Thutmose Kẹta dá jọba ló pa á rẹ́ tìbínútìbínú. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ó tó bíi 20 ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í fá orúkọ àti ère rẹ̀ kúrò, kò sì jọ iṣẹ́ ẹni tí inú ń bí. Lẹ́yìn náà, nígbà tí Seti Kìíní fín orúkọ ọba 76 sára ògiri tẹ́ḿpìlì Abydos, wọ́n fo Hatshepsut, wọ́n fo Akhenaten, wọ́n fo Tutankhamun àti Ay. Ọmọ Ifẹ̀ tó ti gbọ́ ìtàn Lúwo, obìnrin tí àwọn àgbà sọ pé ó jẹ Ọọ̀ni, á tètè rí ìbéèrè tó wà níbẹ̀: ta ló ń to orúkọ àwọn ọba, kí ló sì lè mú un fo ẹnì kan?

Àwòrán Tutankhamun ni wọ́n yà tóbi jù lọ, èyí kò dára. Ọba kékeré ni, bí ọmọ ọdún mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án ló gorí ìtẹ́, kò sì lò ju nǹkan bí ọdún mẹ́sàn-án lọ. Pósí wúrà tó wà ní inú pátápátá nínú ibojì rẹ̀ wúwo tó kìlógíráàmù 110, ohun tó ju 5,000 ni wọ́n sì kó jáde láti inú yàrá kéékèèké mẹ́rin, lẹ́yìn tí Howard Carter rí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ní oṣù kọkànlá ọdún 1922 lẹ́yìn ìbí Jésù. Òótọ́ ni gbogbo èyí. Ṣùgbọ́n ọmọ tó bá wo ṣáàtì yìí á rò pé òun ló lọ́rọ̀ jù nínú gbogbo wọn. Ohun tó yẹ kí wọ́n kọ ni ìdí tí tirẹ̀ fi ṣẹ́kù: àwókù òkúta láti ibojì Ramesses Kẹfà bo ẹnu ọ̀nà rẹ̀ mọ́lẹ̀, ahéré àwọn òṣìṣẹ́ sì wà lórí rẹ̀, àwọn olè ò rántí rẹ̀ mọ́. Àwọn ọba tó lágbára jù ú lọ fíìfíì, ibojì wọn ti ṣófo tipẹ́.

Àbùkù tó wúwo jù lọ ni ti ọkà. Òpó tó ń sọ ibi tí ọrọ̀ ti wá dárúkọ wúrà káàkiri, ẹ̀ẹ̀mejì péré ló dárúkọ ọkà. Bẹ́ẹ̀ ọkà ni ẹran ara ìjọba yẹn. Òjò tó ń rọ̀ lórí òkè Etiópíà ló ń mú odò Náílì kún ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn, omi á bo oko, á fi ẹrẹ̀ dúdú sílẹ̀, wọ́n á gbìn nígbà tí omi bá fà, wọ́n á sì kórè kí ẹ̀kún òmíràn tó dé. Ìgbà mẹ́ta ni wọ́n pín ọdún sí, oṣù mẹ́rin mẹ́rin, ọjọ́ 30 nínú oṣù kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ọjọ́ márùn-ún lé. Bí omi kò bá kún tó, oko tó wà lókè á gbẹ. Bó bá kún jù, á ya ògiri, á sì gbé ọkà lọ nínú àká. Ọkọ̀ ojú omi ló ń kó ìṣákọ́lẹ̀ ọkà lọ sí àká tẹ́ḿpìlì àti ti ọba, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń san owó iṣẹ́.

Ìwé pélébé ní ojú ewé 9 ya àwòrán owó ẹyọ tó ní orí ọba lára, ó sì pè é ní deben. Ẹ fa ìlà pa á. Kò sí owó ẹyọ ní Íjíbítì nígbà náà, ìwọ̀n ni deben. Ohun tí wọ́n fi ń san owó oṣù nìyí: òṣìṣẹ́ tó ń gbẹ́ ibojì ọba, tó ń gbé abúlé Deir el-Medina, ń gba khar mẹ́rin àlìkámà àti khar kan àbọ̀ ọkà báálì lóṣù, àlìkámà fún búrẹ́dì, báálì fún ọtí. Khar kan tó nǹkan bíi lítà 76. Ẹ to bọ́kẹ́ẹ̀tì ọ̀dà oní-lítà 20 sílẹ̀ kí kíláàsì rí i: mẹ́ẹ̀ẹ́dógún àti díẹ̀ lé fún àlìkámà, kò sì ní pé mẹ́fà tán fún báálì. Ó tó bọ́ ìdílé, á sì ṣẹ́kù díẹ̀ fún pàṣípààrọ̀ bàtà tàbí aṣọ. Àfikún ẹja, ẹ̀fọ́, igi ìdáná àti omi tún wà pẹ̀lú, nítorí aṣálẹ̀ ni abúlé náà wà, kò sí kànga tó ṣeé mu níbẹ̀.

Nígbà tí ọkà yìí kò dé mọ́ ni ẹ máa mọ̀ pé ìjọba ń ṣàìsàn, bí wúrà tilẹ̀ ń tàn lára tẹ́ḿpìlì. Ní ọdún kọkàndínlọ́gbọ̀n Ramesses Kẹta, àwọn òṣìṣẹ́ yìí da iṣẹ́ sílẹ̀. Wọ́n kọjá ibodè márùn-ún tó yí ibi iṣẹ́ ká, wọ́n lọ jókòó sẹ́yìn tẹ́ḿpìlì Thutmose Kẹta, wọ́n ní ebi ń pa àwọn, oṣù ti wọ ọjọ́ méjìdínlógún, kò tíì sí oúnjẹ. Akọ̀wé wọn, Amennakhte, kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ dé ọjọ́, ìwé náà sì wà ní Turin ní Ítálì. Ó wà lára àwọn ìyanṣẹ́lódì tí ìtàn kọ sílẹ̀ ṣáájú gbogbo rẹ̀. Ọba yìí kan náà ló ní ìwé pápírọ́ọ̀sì tó gùn ju mítà 40 lọ, tí wọ́n ka ẹ̀bùn tó fún àwọn tẹ́ḿpìlì sí: ilẹ̀, ènìyàn, màlúù, ọkà, wúrà. Ká ní ṣáàtì náà gbé ìwé méjèèjì yìí ka iwájú ara wọn, ì bá ti dá gbogbo òpó kẹta láre. Kàkà bẹ́ẹ̀, wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ Ramesses Kẹta pé "ó ṣẹ́gun àwọn ará òkun, ọrọ̀ kún ilẹ̀". Ó ṣẹ́gun wọn lóòótọ́, ní ọdún kẹjọ rẹ̀. Ti ọrọ̀ tó kún ilẹ̀ ni kí ẹ fa ìlà sí.

Láti ibẹ̀ lọ, ṣáàtì sáré jù. Ọ̀wọ́ngógó ọkà dé lábẹ́ àwọn Ramesses tó tẹ̀ lé e. Ní ọdún kẹrìndínlógún Ramesses Kẹsàn-án, wọ́n gbé ìgbìmọ̀ dìde lórí àwọn tó ń fọ́ ibojì. Ọ̀kan nínú wọn, agbẹ́kùúta kan tó ń jẹ́ Amenpanufer, jẹ́wọ́ pé àwọn mẹ́jọ wọ ibojì ọba Sobekemsaf, àwọn rí wúrà deben 160, àwọn sì pín in, ó kan ẹnì kọ̀ọ̀kan ní deben 20. Kí ọmọ kan gbé ìyẹn ka ẹ̀gbẹ́ wúrà Wawat tí a sọ lókè, á rí bí ilẹ̀ ṣe yí padà: ẹni tó ń gbẹ́ òkúta fún ọba ló wá ń wa wúrà nínú sàréè ọba. Lábẹ́ Ramesses Kọkànlá, Panehsy, Ọmọ Ọba ti Kúṣì, bá ìjọba jà, Núbíà sì bọ́ lọ́wọ́ wọn. Ṣáàtì kàn kọ "ọrọ̀ tán" síbẹ̀. Ẹ kọ ìdí méjèèjì sí i: ọkà wọ́n, Núbíà lọ.

Àwọn àtúnṣe kéékèèké rèé. Òkúta onígun mẹ́ta, pírámíìdì Giza, ni wọ́n yà sẹ́yìn Ramesses Kejì, bí ẹni pé òun ló kọ́ ọ. Ó ti lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún tí wọ́n ti kọ́ ọ kí wọ́n tó bí i, Àfonífojì Àwọn Ọba ni wọ́n sì ń sin àwọn ọba ìgbà yìí sí, níwájú Thebes. Ràkúnmí wà nínú àwòrán ọjà ojú ewé 6. Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ àti ọkọ̀ ojú omi ló ń rù ẹrù nígbà náà. Àmì orúkọ Thutmose Kẹta àti ti Kẹrin gba ipò ara wọn. Òòrùn, pátákó ayò àti kòkòrò tó ń yí ìgbẹ́ ló wà nínú méjèèjì, ṣùgbọ́n ti Kẹrin ní ìlà kéékèèké mẹ́ta lábẹ́ kòkòrò náà. Ẹ fi ọfà bírò pààrọ̀ wọn. Lórí ogun Kadesh, ọdún 1274, ìwé pélébé ní Ramesses Kejì borí. Amí méjì ló tàn án pé àwọn Hiti, ọ̀tá tó ń bá jà, jìnnà, ó sáré lọ síwájú pẹ̀lú ọ̀wọ́ ọmọ ogun Amun nìkan, àwọn Hiti sì já lu ọ̀wọ́ Re lẹ́yìn rẹ̀. Ìrànlọ́wọ́ tó dé ló yọ ọ́. Kadesh kò bọ́ sọ́wọ́ rẹ̀, ọdún kọkànlélógún rẹ̀ ni òun àti Hattusili Kẹta, ọba àwọn Hiti, tó ṣe àdéhùn àlàáfíà, ẹ̀dà rẹ̀ sì wà lára ògiri Karnak àti lórí wàláà amọ̀ láti Hattusa, olú-ìlú wọn.

Ti ọdún ìjọba náà ń da àwọn ọmọ láàmú. Ṣáàtì kọ 1279 fún ọdún tí Ramesses Kejì gorí ìtẹ́, ìwé pélébé kọ 1290. Inú ìṣirò méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ti mú wọn. Àwọn ará Íjíbítì kì í ka ọdún lọ títí. Bí ọba tuntun bá ti jẹ, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ láti ọdún kìíní. Àwọn onímọ̀ ní láti fi òṣùpá àti lẹ́tà àwọn ilẹ̀ mìíràn so wọ́n pọ̀, ibẹ̀ ni 1304, 1290 àti 1279 ti jáde. 1279 ni ọ̀pọ̀ ìwé ń lò báyìí. Ẹ yọ 11 kúrò nínú gbogbo ọdún Ramesses Kejì tó wà nínú ìwé pélébé.

Ohun tó burú sí i ni pé àpótí kan náà ni wọ́n fún ọba kọ̀ọ̀kan, ọba tó lo ọdún 66 àti èyí tí kò lò tó méjì. Ẹ gé pépà gígùn kan, sẹ̀ǹtímítà 240, kí ìdajì sẹ̀ǹtímítà dúró fún ọdún kan, 1550 lọ́wọ́ òsì, 1070 lọ́wọ́ ọ̀tún. Ẹ sọ fún àwọn ọmọ léraléra pé iye náà ń dín kù bí a ṣe ń lọ, nítorí ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń ṣì í. Ramesses Kejì á gba sẹ̀ǹtímítà 33. Ramesses Kìíní ò ní gbà tó ẹyọ kan. Thutmose Kẹta á gba 27, láti 1479 dé 1425, ṣùgbọ́n Hatshepsut á gun orí bíi 11 àkọ́kọ́ nínú rẹ̀, nítorí àwọn méjèèjì ló jọ wà lórí àkóso nígbà náà. Ẹ lẹ tirẹ̀ mọ́ òkè, kí ẹ má gé ti Thutmose. Láàárín Akhenaten àti Tutankhamun, ẹ fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ fún Smenkhkare àti Neferneferuaten tí ṣáàtì fò. Àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn lórí wọn, ẹ fi ìlà onítótó yí wọn ká.

Àwọn káàdì ò ní ohun púpọ̀ tí a fẹ́ sọ nípa wọn. Pépà wọn fẹ́lẹ́, etí wọn ń ká bí ọ̀pọ̀ ọwọ́ bá ti kàn án. Ẹ láminéètì wọn lọ́kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó gé wọn, kí ẹ sì fi etí nájlọ́ọ̀nù tó fẹ̀ díẹ̀ sílẹ̀ yí ká.

Ohun kan wà tí a ò lè gbójú fò. Nísàlẹ̀ máàpù ṣáàtì náà, wọ́n fa ọfà pupa láti Thebes wá sí Ilé-Ifẹ̀. Kò sí ọdún lára rẹ̀, kò sí ọ̀rọ̀ kankan. Àwọn kan fẹ́ràn ìtàn pé Íjíbítì ni a ti wá, a mọ̀. Ṣùgbọ́n orí idẹ Ifẹ̀, ìlẹ̀kẹ̀ gíláàsì Igbó Olókun àti ilẹ̀ tí wọ́n fi àpáàdì tẹ́, ìgbà tí wọ́n ṣe wọ́n jìnnà sí ìgbà Ramesses Kọkànlá tó ẹgbẹ̀rún ọdún méjì, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tí àwọn awalẹ̀pìtàn wú jáde n'Ífẹ̀ ń fi iṣẹ́ ọwọ́ Ifẹ̀ hàn: ìwádìí ní Igbó Olókun fi hàn pé àwọn ará ibẹ̀ ń fi ohun èlò àdúgbò ṣe gíláàsì fúnra wọn. Ọmọ tó bá kọ́ pé Íjíbítì ló fún wa lọ́gbọ́n ò ní wo ilẹ̀ tó ń tẹ̀ lójoojúmọ́ mọ́. Ẹ fi pépà funfun bo ọfà náà kí ẹ tó gbé ṣáàtì kọ́.

Oríṣi méjì ló wà lórí àtẹ báyìí. Èyí tó ń dán ló pọ̀, èyí tí kò dán ni kí ẹ mú bí ẹ bá rí i, iye kan náà ni. Kí ẹ tó sanwó, ẹ tú ọ̀rá wò, ẹ ka káàdì pé 24, kí ẹ sì yẹ ojú ewé 9 àti 6 ìwé pélébé wò: bí wọ́n bá ti yọ owó ẹyọ àti ràkúnmí kúrò, ìtẹ̀jáde tuntun ni yẹn, ẹ mú un.